Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Ọmọdé ní Nàìjíríà: Ẹ Jẹ́ Kí Ìwádìí Bá Ọmọ Délé

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ọmọdé ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kí n tó fẹ̀yìn tì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn ni mo sì lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ tí àìjẹunrekánú ti sọ di eegun lásán, àti àwọn tí ó mú kí ara wọn wú. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń ṣe ìpàdé yín. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé àwọn ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lórí ọmọ wọn. Àwọn tí wọ́n gbọ́ Yorùbá nínú yín yóò bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà tí àwọn yunifásítì, àwọn ilé ìwádìí àti àwọn àjọ tí ń fowó ṣagbátẹrù láti òkè òkun bá wá bá yín jókòó pé kí ẹ jọ ṣe ìwádìí lórí ọmọ tí kò jẹunrekánú, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tí yóò já ọmọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí ìwádìí bá a délé. Kí owó tí yóò gbé e délé ti wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ohun tí a bá sì rí padà sí etí ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti nǹkan bí ọdún 1988. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Ìyá rẹ̀ ti lóyún mìíràn, ó ti já a lẹ́nu ọmú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀kọ mímu lásán ni ọmọ náà sì ń rí jẹ láti ìgbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ti pọ́n, ó ti fẹ́lẹ́ bí òwú, awọ ara rẹ̀ sì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ìyá àgbà tí ó tẹ̀lé wọn wá sọ fún mi pé wọ́n kọ́kọ́ rò pé ara ọmọ náà ń yọ̀ ni, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́ tí ọkàn wọn kò fi balẹ̀. A tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé díẹ̀. Wíwú náà fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó sì di ọjọ́ kan tí ó rẹ́rìn-ín sí mi. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀rín ọmọ wíwú kì í ṣe ohun kékeré. Òun ni a máa ń wò kí ọkàn wa tó balẹ̀. A kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé ó ti sàn. A dá káàdì ìwọ̀n ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀, a sì dá ọjọ́ fún un pé kí ó gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọjọ́ tí a dá náà gan-an ni ìyá náà dé, ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Òun nìkan ni ó wá. Káàdì ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e. Mo ní, ọmọ ńkọ́? Ó ní ìgbẹ́ gbuuru ni ó dé bá a ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò sì ju ọjọ́ kejì lọ tí ó fi lọ. Ó ní ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n wá lónìí, ni mo ṣe wá. Ó na káàdì náà sí mi. Títí di òní olónìí, àwọn tí ó sàn ni rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù wa ka ọmọkùnrin yẹn mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo gbà pé ẹ̀bi tiwa nìkan ni, pé ó ní ohun tí a kò ṣe dáadáa ní wọ́ọ̀dù. Mo ti fẹ̀yìn tì kí n tó ka èsì ìwádìí kan tí ó jáde ní 2022, tí ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kan. CHAIN ni wọ́n ń pe àjọṣepọ̀ tí ó ṣe é. Ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án ni ó so pọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Kenya, Uganda, Malawi, Burkina Faso, Bangladesh àti Pakistan. Owó Gates Foundation ni wọ́n fi ṣe é, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Kilifi ní etí òkun Kenya, láti Dhaka, Karachi àti Blantyre, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Láti ìparí 2016 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2019, wọ́n gba ọmọ 3,101 sínú ìwádìí náà, àwọn ọmọ oṣù 2 sí oṣù 23. Àwọn kan ti gbẹ pátápátá, àwọn kan gbẹ níwọ̀nba, àwọn kan kò gbẹ rárá, ṣùgbọ́n àìsàn líle ni ó gbé gbogbo wọn dé wọ́ọ̀dù.

Ohun tí ó mú kí n ka ìwádìí yìí lẹ́ẹ̀mẹta ni pé wọn kò dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi tẹ̀lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ó padà sílé. Ọmọ 350 ni ó kú. 182 nínú wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. 168 kú lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye yẹn kà. Díẹ̀ ni ó kù kí ó jẹ́ ìdajì. Ká ní ọjọ́ tí ọmọ kúrò ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n pa ìwé dé ni, gbogbo ọmọ 168 yẹn ni ìwé ì bá kà mọ́ àwọn tí ó sàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ka ọmọkùnrin tèmi, àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ì bá sì ti jókòó lórí iye tí kò pé láti pinnu oògùn àti oúnjẹ tí ó yẹ. Wọ́n tún rí i pé ipò tí ẹni tí ń tọ́jú ọmọ wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó bá ikú àwọn ọmọ náà rìn, pẹ̀lú àìsàn àti gbígbẹ fúnra wọn. Kò sí nọ́ọ̀sì tí èyí yóò yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ ní ọkàn kì í yí ìlànà padà. Ohun tí a kà tí a sì kọ sílẹ̀ ni ó ń yí i.

Nàìjíríà kò sí nínú orílẹ̀-èdè mẹ́fà wọ̀nyẹn. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo sọ ọ́ nítorí pé UNICEF ti ń wí fún wa tipẹ́ pé àwọn ọmọ tí àìjẹunrekánú líle ń bá jà ní Nàìjíríà tó mílíọ̀nù 2, àti pé nínú ọmọ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, méjì péré ni ìtọ́jú ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti 2018, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ; nínú èyí tí a ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti di ìdá 40. Òkè Ọya ni ó le jù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé Òkè Ọya nìkan ni, kí ó lọ jókòó sí kílíníìkì kan ní ìgbèríko Ọ̀ṣun tàbí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ ìwọ̀n ọmọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Lọ́dọ̀ wa níbí ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ ayé ní i ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1956, David Morley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó jẹ́ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nígbà náà, tí ó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Kò jókòó sí Iléṣà kí àwọn aláìsàn máa wá bá a. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ó ń wọ̀n wọ́n láti ìgbà dé ìgbà, ó sì ń kọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti hàn kedere bí éèyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ṣe ń ti ara wọn lẹ́yìn, tí ọ̀kan yóò rẹ ọmọ sílẹ̀ kí èkejì tó wá gbé e lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó fi ṣe òpó kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn àgbà tí ó kọ́ mi níṣẹ́ mọ àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì máa ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ wọn.

Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì tí a ń pè ní Ọ̀nà Ìlera ti jáde: ìlà kan lókè, ìlà kan nísàlẹ̀, ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù sì gbọ́dọ̀ máa gòkè láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó gba irú káàdì yìí lò lẹ́yìn náà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń yin àwòrán náà. Ní tèmi, ohun tí ó jọ mí lójú jù ni ibi tí káàdì náà ń gbé. Kì í gbé ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ni ó ń gbé, nínú ọ̀rá, nínú àpótí aṣọ, lábẹ́ ìrọ̀rí. Dókítà náà gbà pé ìyá ni ó ni ìwé ọmọ rẹ̀, àti pé ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí i pé ìlà ti ń wálẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń bá ọmọ sùn. Nígbà tí ó padà sí London ní 1961, iṣẹ́ náà kò bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń lọ, nítorí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó ń ṣe é.

Mo tún fẹ́ kí a rántí obìnrin kan. Cicely Williams, dókítà tí a bí ní Jamaica, ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, nígbà tí ó kọ̀wé ní 1933 nípa àìsàn ọmọ tí ara rẹ̀ ń wú nítorí oúnjẹ àgbàdo lásán. Ní 1935 ni ó pè é ní kwashiorkor nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èdè Látìn, kì í sì í ṣe orúkọ rẹ̀. Èdè Gã ni, lẹ́nu àwọn ìyá ni ó ti gbọ́ ọ: àìsàn ọmọ tí àbúrò lé kúrò lẹ́nu ọmú. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ti mọ ohun tí ń fa àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ wò ó. Ó bi wọ́n, wọ́n dáhùn, ó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. N kò mọ àjọṣepọ̀ ìwádìí tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti rí èyí tí kò dára bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn olùwádìí kan dé ọ̀dọ̀ wa nígbà kan. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Mo bá wọn ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń ka ìwé ìgbàṣẹ sí wọn létí, tí wọn yóò sì tẹ ìka wọn sí ibi tí mo bá fi hàn wọ́n. A gba ẹ̀jẹ̀, a gba ìgbọ̀nsẹ̀, a wọn apá, a wọn gígùn, a kó gbogbo rẹ̀ sínú yìnyín, ó sì bá ọkọ̀ lọ. Ọdún méjì ni. Nígbà tí owó náà tán, wọ́n kó fíríìjì, wọ́n kó òṣùwọ̀n, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí a ti kọ́ níṣẹ́ sì padà sí ìdí òwò wọn. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà náà ni ìyá kan rí mi ní ọjà, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá bi mí pé, "Màmá, kí ni ẹ wá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi?" N kò rí ìdáhùn fún un. N kò mọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún èmi náà.

Ẹ máa rántí ìyá yẹn nígbà tí àwọn kan bá ń ṣàròyé pé àwọn òbí kò fẹ́ gbà kí a gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn. Orílẹ̀-èdè yìí kò gbàgbé ìdánwò oògùn tí ó wáyé ní Kano ní 1996 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, tí ó di ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ilé iṣẹ́ olóògùn náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano sì fi àdéhùn owó mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ní 2009. Ìbẹ̀rù àwọn òbí ní ìdí. Ohun tí ó lè wò ó sàn ni kí ẹni tí ó gba ẹ̀jẹ̀ padà wá.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é dáadáa. Ní Dhaka, ní Bangladesh, ilé ìwádìí ìlera kan tí wọ́n ń pè ní icddr,b ti wà láti 1960, nígbà tí a dá a sílẹ̀ láti gbógun ti onígbáméjì. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí ó ti ń bá àwọn ènìyàn kan náà gbé. Òun àti Yunifásítì Washington ní St. Louis ni wọ́n jọ ń wá ìdí tí ọmọ tí a ti bọ́ dáadáa kì í fi dàgbà bí ó ti yẹ, wọ́n sì rí i pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìfun rẹ̀ kò dàgbà tó ọjọ́ orí rẹ̀. Tahmeed Ahmed ní Dhaka àti Jeffrey Gordon ní St. Louis ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n wá oúnjẹ tí yóò bọ́ àwọn kòkòrò tí ó ṣe é ní oore. Ohun tí wọ́n sì pò pọ̀ kì í ṣe ohun tí ìyá kan ní àdúgbò Mirpur kò rí rí: ẹ̀pà, sóyà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, àti irú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ níbẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2021 fi hàn pé àwọn ọmọ tí ó jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́ta fi ìwọ̀n kún ara ju àwọn tí ó jẹ oúnjẹ àfikún tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó wà nínú oúnjẹ tuntun náà kéré sí ti ìṣáájú. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ wa ni ó wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ti Dhaka wá síbí ní odidi. Ìfun ọmọ Mirpur àti ti ọmọ Ẹdẹ kì í ṣe ọ̀kan náà, a kò sì tíì wò ó.

Pé a kò lè gbé e ní odidi, kì í ṣe àbá lásán. Ní Malawi, ìwádìí kan lórí ọmọ 2,767 tí àìjẹunrekánú líle ń ṣe, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú nílé, fi hàn ní 2013 pé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn apakòkòrò pẹ̀lú oúnjẹ ìtọ́jú kú kéré sí àwọn tí a kò fún. Ní 2016, ìwádìí mìíràn ní Niger, tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ lé ní 2,000, kò rí i pé oògùn náà mú kí ara wọn yá ju àwọn yòókù lọ. Ní Malawi, àwọn ọmọ tí ara wọn wú ni ó pọ̀. Ní Niger, gbígbẹ ni tiwọn. Èwo ni ti Ọ̀ṣun? Èwo ni ti Ṣókótó? Ìwádìí tí a bá ṣe fún wa ní ibòmíràn kò lè dáhùn rẹ̀.

A sì lè ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi, ẹ̀rù ni wọ́n fi kọ́ wa nípa fífa omi sí ọmọ tí kò jẹunrekánú lára. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò ní lè gbé e, àfi bí ó bá ti fẹ́ dákú. Mo rí ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fà gbẹ, tí a ń fi ṣíbí fún un lómi díẹ̀díẹ̀, tí ó ń bì í, tí a sì ń bẹ̀rù láti fi abẹ́rẹ́ sí i. Ní 2025 ni èsì ìwádìí tí a ṣe lórí ọmọ 272 ní Uganda, Kenya, Niger àti Nàìjíríà jáde, tí ó sì fi hàn pé fífa omi sára kò mú ikú pọ̀ ju fífún wọn ní omi mu lọ, a kò sì rí i pé omi náà borí ọkàn wọn. Ní Maiduguri ni a ti ṣe apá ti Nàìjíríà, láàárín gbogbo ohun tí ojú ìlú náà ti rí. Bí Maiduguri bá lè ṣe é, kò sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí yóò sọ pé òun kò lè ṣe é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ: pé owó kò sí, àti pé àkókò yìí kọ́ ni. Òótọ́ ni pé owó ti wọ́n. Ní oṣù karùn-ún 2025, National Institutes of Health, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń fowó ṣe ìwádìí ìlera, kéde pé òun kò ní jẹ́ kí owó ìwádìí tuntun máa gba ọwọ́ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wọn ní ilẹ̀ òkèèrè bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́, títí ìlànà tuntun yóò fi jáde. Ní oṣù keje ọdún náà, USAID, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣèrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, kógbá sílé. Ní oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé kìlọ̀ pé àwọn kílíníìkì tí ó lé ní 150 ní Borno àti Yobe yóò ti ilẹ̀kùn, tí ìtọ́jú ọmọ tí ó lé ní 300,000 yóò sì dúró. MSF, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú tí kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè, sì sọ pé ọmọ 652 ti kú ní àwọn ibùdó òun ní Katsina láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nítorí pé wọn kò tètè rí ìtọ́jú.

Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Láti ìgbà tí oúnjẹ ìtọ́jú inú ọ̀rá ti dé, èyí tí André Briend àti Michel Lescanne ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1996 láti inú ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì, òróró àti ṣúgà, tí àwọn àjọ àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2007 pé kí a máa tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní àìsàn mìíràn nílé wọn, ilé ni ó ti di wọ́ọ̀dù. Bí owó bá kéré, ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń kú, kí a sì fi èyí tí ó wà síbẹ̀. Ta ni ó wà nílé nígbà tí ìyá ọkọ bá ní kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹyin, pé yóò di olè? Ta ni yóò rí i pé ọ̀rá oúnjẹ ọmọ kan ni wọ́n ń pín fún mẹ́ta, nítorí pé kò sí ìyá tí ó lè bọ́ ọ̀kan kí àwọn yòókù máa wò ó lẹ́nu? Ta ni yóò gbọ́ pé ìyá náà ti lóyún, pé ó ń kiri ọjà títí di alẹ́, pé kànga ti gbẹ, pé ọmọ ti tún yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láti àná? Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó máa ń hàn lórí fáìlì.

Iṣẹ́ yìí kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Téèpù apá tí ó ní pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé kò wọ́n, a sì ti rí i ní Niger àti ní ibòmíràn pé ìyá lè fi í wọn apá ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí apá bá ti kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, kí ó tètè gbé e wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Fóònù ti dé ibi tí ọkọ̀ kò dé. Òfin Ìlera ti 2014 sì ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin ni ohùn yín lè dé ibi tí a ti ń bèèrè pé kí ó máa jáde lásìkò, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa tẹ̀lé ọmọ délé.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé àdéhùn bá dé iwájú yín, ẹ wo ojú ìwé tí owó wà. Ẹ wò bóyá oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó oṣù ẹni tí yóò lọ. Ẹ bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń lọ, ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àti ìdí tí kò fi lè jẹ́ ọ̀dọ́ onímọ̀ kan ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tí ó kọ ìbéèrè ìwádìí náà, àti bóyá wọ́n bá ìyá kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí a ó pe àwọn ìyá jọ láti sọ ohun tí a rí fún wọn, ní èdè wọn, kí ọjọ́ náà sì wà nínú ìwé bí ọjọ́ tí owó yóò dé ti wà nínú rẹ̀. Bí àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ yín bá ní ìyẹn yóò mú ìwádìí gbówó lórí jù, ẹ fi ọmọ 168 yẹn hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn rere tí ọkàn wọn wà níbi iṣẹ́ yìí. Wọn yóò gbọ́ bí ẹ̀yin bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yín.

Káàdì tí ìyá yẹn dá padà fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú ọ̀rá tí ó fi wé e. Àmì ìwọ̀n márùn-ún ni ó wà lórí rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ń wálẹ̀, méjì tí a fi sí i ní wọ́ọ̀dù ń gòkè. Àyè tí ó yẹ kí ìkẹfà wà ṣófo. Bí ẹ bá gbà mí láàyè níbi àpérò ọdọọdún yín, n ó mú un wá, n ó gbé e sórí tábìlì kí gbogbo yín lè rí i.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé,
Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun